Ọ̀jẹ̀ Wẹ́wẹ́ Tàbí Àgbà Ọ̀jẹ̀: Ìṣòro Àwọn Alákòóso Bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìròyìn kan jáde láti Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, tí ó gba ẹnu àwọn ará ìlú náà ju ọ̀rọ̀ ìjọba lọ. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nationals, ti fi Juan Soto ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni ọdún 23 ni Soto nígbà náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Dominican Republic ni; ọmọ ọdún 16 ni ní ọdún 2015 nígbà tí Washington fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là gbà á wọlé. Kò ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà tí ó bọ́ sí pápá àwọn àgbà, ó sì wà lára àwọn tí ó gba adé World Series fún ìlú náà ní ọdún 2019. Wọ́n fi mílíọ̀nù 440 dọ́là lọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ ọdún 15, ó ní òun kò gbà. Ni wọ́n bá fi òun àti Josh Bell ránṣẹ́ sí San Diego, wọ́n sì gba ènìyàn mẹ́fà dípò wọn. Nínú àwọn mẹ́fà yìí, ẹyọ kan ṣoṣo, Luke Voit, ni ènìyàn lè pè ní àgbà. Àwọn méjì, CJ Abrams àti MacKenzie Gore, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan wọ ilé ni. Àwọn mẹ́ta tí ó kù kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan rí láàárín àwọn àgbà. Ọmọ ọdún 18 ni èyí tí ó kéré jù nínú wọn.

Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ yóò sọ pé orí àwọn alákòóso náà kò pé. Ta ni í ta ẹṣin tí ó ti ń sáré, kí ó fi owó rẹ̀ ra ọmọ ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò eré yìí yàtọ̀ gan-an sí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀.

Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú líìgì àgbà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe láàárín ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé. Eléré 26 ni wọ́n lè ní lórí ìwé fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Lábẹ́ ẹgbẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ kékeré mẹ́rin wà, ní ìpele mẹ́rin, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 120. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá gbà lónìí lè lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí méje kí ó tó gòkè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kì í sì í gòkè láéláé. Gift Ngoepe, ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dé líìgì àgbà, ọmọ South Africa ni. Ẹgbẹ́ Pittsburgh gbà á ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ pápá àwọn àgbà.

Branch Rickey, alákòóso ẹgbẹ́ St. Louis, ni ó sọ ètò yìí di ńlá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lówó tó ti àwọn ará New York, kò sì lè bá wọn ná ọjà lórí àwọn tí òkìkí wọn ti kàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní àwọn ìlú tí kò lórúkọ, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ sínú wọn lọ́pọ̀ yanturu, kí ó lè fúnra rẹ̀ gbin ohun tí kò lè rà. Ní ọdún 1926, St. Louis gba World Series fún ìgbà àkọ́kọ́. Oko ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ títí di òní, orúkọ náà sì bá a mu. Alákòóso tí ó bá kó gbogbo ọ̀dọ́ inú oko rẹ̀ fún ẹlòmíràn nítorí àgbà ọ̀jẹ̀ kan, isu èèbù ni ó ń sè jẹ yẹn. Ẹni tí ebi sì ti pa láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èèbù.

Ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ níye lórí tó bẹ́ẹ̀ ni owó. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ tí eléré bá ti tọwọ́ bọ ìwé fún ni ó ni ín títí ayé rẹ̀. Kò lè lọ síbòmíràn àfi bí wọ́n bá tà á. Curt Flood ta ko àṣà yìí nígbà tí St. Louis fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí Philadelphia ní ọdún 1969. Ó ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, níbi tí wọ́n ti dá a lẹ́bi ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1975, onílàjà kan tí ń jẹ́ Peter Seitz dá Andy Messersmith àti Dave McNally láre, ìdè náà sì já. Láti ìgbà náà ni àwọn olówó ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré ti jọ fẹnu kò pé ẹni tí ó bá ti lo ọdún mẹ́fà gbáko ní líìgì àgbà di olómìnira: ó lè ta agbára rẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù ú.

Níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nínú ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tí ó kéré jù lọ tàbí èyí tí ó lé díẹ̀ sí i ni ẹgbẹ́ ń san fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2025, 760,000 dọ́là lọ́dún ni owó náà. Ní ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, onílàjà lè dá sí i, owó a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn yóò ṣí gbayawu. Juan Soto tí a ń wí yìí, nígbà tí ó di olómìnira ní òpin ọdún 2024, mílíọ̀nù 765 dọ́là fún ọdún 15 ni ẹgbẹ́ Mets ti New York fún un. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá ní ọmọ ọdún 22 tí ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó yẹ kí ó gba mílíọ̀nù 30, tí ó sì ń gba ẹyọ kan péré, èrè gọbọi ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ. Ó lè fi ìyókù owó rẹ̀ wá àgbà sí ibòmíràn. Ẹgbẹ́ tí àgbà nìkan kún inú rẹ̀, àpò rẹ̀ a tètè gbẹ, nítorí pé wọ́n sábà máa ń san owó ńlá náà fún iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe kọjá. Ara eléré a sì máa lágbára jù ní ìgbà tí ó bá wà láàárín ọdún 26 sí 29. Lẹ́yìn náà ni ojú àti ẹsẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé mímọ ọmọ tí yóò dára rọrùn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Gbogbo aṣàwárí tí ń rìn kiri pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbà gbọ́ pé ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni ó ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Wọ́n ń wo bí apá ṣe yá sí, wọ́n ń fi aago díwọ̀n eré sísá, wọ́n sì ń fi máàkì láti orí 20 dé 80 sórí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ìtàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 1965 ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń pín àwọn ọ̀dọ́ ilé ẹ̀kọ́ láàárín ara wọn lọ́dọọdún, tí ẹgbẹ́ tí ó kùnà jù sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ Yankees ti New York ni ó kọ́kọ́ mú. Brien Taylor ni wọ́n yàn, wọ́n sì fún un ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti 50,000 dọ́là. Èjìká rẹ̀ bàjẹ́ níbi ìjà kan ní oṣù kejìlá ọdún 1993, kò sì dé líìgì àgbà rárá. Mark Appel ni Houston kọ́kọ́ mú ní ọdún 2013. Ó pé ọmọ 30 ọdún kí ó tó ju bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àgbà, ní Philadelphia, ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ó ti fi eré náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní ìdà kejì, ẹni 1,390 ni wọ́n dárúkọ Mike Piazza ní ọdún 1988, nígbà tí ọ̀pọ̀ alákòóso ti fẹ́ máa lọ sílé. Ìgbà 427 ni Piazza gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi pápá, ó sì wọ Ilé Ìrántí àwọn akọni ní Cooperstown ní ọdún 2016. Láti ọdún 2021 wọn kì í tilẹ̀ mú ju ìpele 20 lọ mọ́. Ìpele 62 ni wọ́n ti mú Piazza.

Inú òkùnkùn yìí ni alákòóso ti ní láti dájọ́, pàápàá ní ìparí oṣù keje, nígbà tí ọjọ́ pàṣípààrọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere tó ìlú Detroit ní ọdún 1987. Detroit àti Toronto ń lé ara wọn lórí ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn. Ẹgbẹ́ Detroit ti ń dàgbà, ó sì nílò ajubọ́ọ̀lù kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, wọ́n mú Doyle Alexander láti Atlanta, ẹni ọdún 36 tí ó ti káàkiri ẹgbẹ́ púpọ̀. Ọmọ ogún ọdún kan tí ń jẹ́ John Smoltz ni wọ́n fi sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ìpele kejì sí òkè pátápátá nínú líìgì kékeré ni Smoltz wà, ó ti borí nínú ìdíje mẹ́rin, wọ́n sì ti ṣẹ́gun rẹ̀ nínú mẹ́wàá. Bí ènìyàn bá wo ìwé nìkan, ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Smoltz gan-an, nítorí pé Lansing ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ó dàgbà sí, ẹgbẹ́ Detroit yìí gan-an ni ó sì ti fẹ́ràn láti kékeré.

Alexander dé, ó borí nínú ìdíje mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́gun rẹ̀. Toronto ṣubú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, Detroit sì fi ìdíje méjì péré gba ipò kìíní. Láìsí ọkùnrin náà, kò dájú pé wọn yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kojú Minnesota láti mọ ẹni tí yóò lọ sí World Series, ẹ̀ẹ̀mejì ni Alexander ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n lù ú, Detroit sì padà sílé. Ní ọdún 1989, wọ́n ṣẹ́gun Alexander ní ìgbà 18, ó sì fi eré sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Detroit fúnra rẹ̀ pàdánù ìdíje 103 ní ọdún náà. Ọdún 2006 ni wọ́n tó tún rí ojú ìdíje ìparí. Ní Atlanta ẹ̀wẹ̀, Smoltz gba ẹ̀bùn Cy Young fún ajubọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní ọdún 1996, ó borí nínú ìdíje 210, ó sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀tá ní ìgbà 154 nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí ń parí ìdíje. Ó wọ Cooperstown ní ọdún 2015. Ní ọdún 1990, Boston ṣe irú rẹ̀: wọ́n fún Houston ní Jeff Bagwell láti gba Larry Andersen, tí ó ju bọ́ọ̀lù fún wọn nínú ìdíje 15 péré. Ìgbà 449 ni Bagwell gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi fún Houston.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ láti bú àwọn alákòóso Detroit. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ohun tí wọ́n rà gbà, ó sì dára ju bí wọ́n ti rò lọ. Àṣìṣe wọn, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ni pé wọ́n wo ìwé ọmọ ogún ọdún bí ẹni ń wo ìwé àgbà. Ẹgbẹ́ Atlanta kò wo iye ìgbà tí wọ́n ṣẹ́gun Smoltz; apá rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ìlú Detroit yìí kan náà ni ó tún fi hàn pé fífi ọ̀dọ́ gba àgbà lè mú èrè wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007, Dave Dombrowski tí ó jẹ́ alákòóso wọn kó eléré mẹ́fà fún ẹgbẹ́ Florida, ó sì gba Miguel Cabrera àti Dontrelle Willis. Andrew Miller àti Cameron Maybin, tí wọ́n wà nínú àwọn mẹ́fà náà, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo ènìyàn ń yìn jù ní àkókò náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó di òpó fún Florida. Ibòmíràn ni Miller ti wá gbayì, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Cabrera, ní ọdún 2012, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ọdún 1967: ó gba ipò kìíní nínú ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì tí a fi ń díwọ̀n àwọn tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á. Ọmọ ọdún 24 ni. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú iṣẹ́, ọ̀dọ́ ni nínú ara, irú rẹ̀ kì í sì í pọ̀ lọ́jà.

Ti Chicago ní ọdún 2016 tún yàtọ̀. Ẹgbẹ́ Cubs kò tíì gba World Series láti ọdún 1908. Àwọn tí ó rí i nígbà náà ti kú tán, àwọn ọmọ wọn pàápàá ti ń darúgbó. Theo Epstein, alákòóso wọn, ti lo ọdún púpọ̀ láti tọ́jú oko rẹ̀, ó sì ti kórè. Síbẹ̀, ní oṣù keje, ó fi Gleyber Torres, ọmọ ọdún 19 láti Venezuela tí gbogbo aṣàwárí ń yìn, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, gba Aroldis Chapman lọ́wọ́ Yankees. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé oṣù díẹ̀ ni Chapman yóò lò. Ó sì padà sọ́dọ̀ Yankees ní oṣù kejìlá ọdún náà. Torres di ọ̀kan nínú àwọn àyànfẹ́ líìgì ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n Cubs gba adé náà lẹ́yìn ọdún 108. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ará Chicago dá adé padà kí wọ́n gba Torres, kí ó múra láti sáré.

Houston ni ó gba ọ̀nà òdìkejì títí dé òpin. Ní ọdún 2011, 2012 àti 2013, wọ́n pàdánù ìdíje 106, 107 àti 111. Wọ́n ti ta àwọn àgbà wọn, wọ́n ń fi ìkùnà gba ipò àkọ́mú láti yan àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bíi Carlos Correa àti Alex Bregman gbó, wọ́n yí padà: ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n fi ọ̀dọ́ mẹ́ta gba Justin Verlander, ẹni ọdún 34, lọ́wọ́ Detroit, wọ́n sì gba World Series. (Àbàwọ́n ńlá bo adé náà ní ọdún 2020, nígbà tí ìwádìí fi hàn pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán jí àmì àwọn alátakò wò ní ọdún náà, ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀ sí èyí.) Àwọn òǹwòran tí ó fi owó wo ìkùnà ọdún mẹ́ta gbáko, wọn kì í sábà dárúkọ wọn nígbà tí a bá ń yin ọgbọ́n yìí. Láti dín irú rẹ̀ kù, àdéhùn ọdún 2022 sọ ipò mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ìyàn ọ̀dọ́ di ti ìbò.

Àbájáde pàṣípààrọ̀ Soto kò tíì yanjú. San Diego fẹ́rẹ̀ẹ́ dé World Series ní ọdún 2022, wọ́n kùnà ní ọdún 2023, wọ́n sì fi òun náà ránṣẹ́ sí Yankees. Ní Washington, Abrams, Gore àti James Wood ti di àyànfẹ́ líìgì kí oṣù keje ọdún 2025 tó parí; síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ń pàdánù lọ, wọ́n sì lé Mike Rizzo, alákòóso tí ó ṣe pàṣípààrọ̀ náà, ní oṣù keje yẹn kan náà. Ẹni tí ó gbin èso, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jẹ́ kí ó kórè.

Ó ku àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, tí wọn kì í pè sí ìpàdé níbi tí wọ́n ti ń díye lé wọn. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2015, Kris Bryant gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú ìdíje ìmúrasílẹ̀ Cubs, kò sì sí ẹni tí ó ju ú lọ. Wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún náà parí, ọjọ́ 171 ni ó ní lórí ìwé. Ọjọ́ 172 ni ó ń jẹ́ ọdún kan. Ọjọ́ kan yẹn fi ọdún kan gbáko kún ìgbà tí yóò fi dúró de òmìnira. Ó pe ẹjọ́, onílàjà sì dá ẹgbẹ́ láre ní ọdún 2020. Àdéhùn ọdún 2022 wá gbà pé ọ̀dọ́ tí ó bá gba ipò kìíní tàbí èkejì nínú ìbò fún ẹni tuntun tí ó dára jù, wọn yóò ka ọdún náà fún un ní kíkún.

Bryant tilẹ̀ ṣe oríire, nítorí ó dé òkè. Àwọn tí kò dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ń rin ìrìn àjò òru nínú bọ́ọ̀sì láti ìlú kékeré dé ìlú kékeré, owó tí wọ́n sì ń gbà ní ìpele ìsàlẹ̀ nínú mẹ́rin náà kí ọdún 2023 tó dé kò ju 11,000 dọ́là lọ́dún. Ní ọdún 2022 ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré, ní ọdún 2023 sì ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àkọ́kọ́ wọn. Ó sọ 11,000 náà di 26,200, ó sì sọ owó àwọn tí ó wà ní ìpele òkè, tí ó jẹ́ 17,500, di 35,800 dọ́là.